Ààwẹ̀ Níbi Tí Oòrùn Kì Í Wọ̀

Ẹ má bi mí ní ohun tí mo lọ kọ́ lókè òkun. Gbogbo ẹni tó ti bi mí rí ló ti bí mi nínú. Bí mo bá sọ pé mo lọ kọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń po omi òkun pọ̀, àti bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ń wọnú omi náà, àti bí méjèèjì ṣe ń pinnu ìgbà tí koríko tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí yóò hù lẹ́bàá yìnyín, wọn á wò mí títí, wọn á ní, "Koríko yẹn, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?" Bí mo bá ní ẹja ló ń jẹ ẹ́, wọn á ní, "Ẹja ọ̀hún dà?" Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní Mówè tiẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Ó ní àgbẹ̀ tí kò rí ilẹ̀ ni mí.

Kí a tó gba òmìnira ni mo lọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọkọ̀ òkun lọ sílùú òyìnbó gbọ́dọ̀ padà dé bíi lọ́yà tàbí dókítà. Bàbá mi, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí sitéṣọ̀n rélùwéè ní Ìfọ̀, kò béèrè lọ́yà, kò béèrè dókítà. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kírun ti sọ fún un pé ọmọ tó bá ti dé ìlú òyìnbó, òun àti ààwẹ̀ ti pínyà nìyẹn. Bàbá mi dìde láàárín wọn, ó ní ọmọ tòun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin fẹ́ gbéra, ó di apá mi mú lójú fèrèsé.

"Mo ti ṣe onídùúró fún ẹ o. Má jẹ́ kí ojú tì mí."

"Ojú ò ní tì yín, bàbá mi."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ láìmọ ibi tí mò ń lọ.

London ni mo kọ́kọ́ dé, mo sì rò pé ibẹ̀ ni òtútù ayé parí sí. Kò pẹ́ tí ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní ìṣirò fi ní ọ̀rẹ́ òun kan ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá, ní òkè pátápátá ilẹ̀ Nọ́wè. Èmi tí n kì í lè fi omi tútù wẹ̀ nígbà ọyẹ́, èmi náà ni mo nawọ́ sókè pé màá lọ. Ta ló rán mi?

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibi iṣẹ́, mo kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Mo béèrè bí wọ́n ṣe jí, mo béèrè ìyàwó, mo béèrè ọmọ, mo kí wọn kú òtútù. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn tẹ ìwé yíjú sí ọ̀gá wa, ó ní ṣé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, orí ni mò ń mì sí wọn. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń dunni tó, kí èèyàn jí, kí ó wọlé, kí ó jókòó, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé ṣé o jí dáadáa. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìṣirò tó wà lórí tábìlì mi ni mò ń kí. Ó kéré tán, bí mo bá yí ọwọ́ rẹ̀, òun ń dáhùn.

Ìgbà òtútù tún wá burú jùyẹn lọ. Oòrùn kó ẹrù rẹ̀, ó lọ, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Mò ń lọ síbi iṣẹ́ nínú òkùnkùn, mò ń bọ̀ nínú òkùnkùn. Ìyá onílé mi, opó kan tó ń fún mi ní ẹja láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́, ní kí n ṣe sùúrù. Ó ní oòrùn ń bọ̀ wá, àti pé tó bá dé, mi ò ní rí i lé lọ. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Kí ẹ má baà ní mo fi iṣẹ́ mi pamọ́, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Koríko inú òkun yìí, ìgbà tó bá wà nínú ìmọ́lẹ̀ nìkan ló lè ṣe oúnjẹ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n tọ̀sán tòru ló ń jẹ nínú ohun tó ti ṣe. Bí afẹ́fẹ́ bá ń po omi jinlẹ̀, yóò máa gbé koríko náà lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn, yóò tún máa gbé e bọ̀ lókè. Bí ìpòpọ̀ náà bá jinlẹ̀ jù, ohun tí koríko ń jẹ á ju ohun tó ń ṣe lọ, kò sì ní lè pọ̀ sí i, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn lókè bí iná. Ìgbà tí yìnyín bá yọ́ ni nǹkan ń yí padà. Omi yìnyín kò ní iyọ̀, ó fúyẹ́, orí omi òkun ló ń dúró sí, bí omi ṣe ń tòrò sórí ògì tí a kò dà láàmú. Afẹ́fẹ́ kò ní lè pò ó jinlẹ̀ mọ́. Koríko á wà lókè lẹ́bàá oòrùn, òkun á sì di aláwọ̀ ewéko láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Iṣẹ́ wa ni láti fi ìṣirò sọ ìgbà tí èyí máa ṣẹlẹ̀ kí a tó lọ wò ó. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà, apá mi ni kọ̀ǹpútà. Màá yí ọwọ́ ẹ̀rọ títí èjìká á fi máa ro mí, màá kó ìdáhùn lọ fún ọ̀gá, ọ̀gá á fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀, á ní, "Ó dára gan-an. Wàyí o, jẹ́ ká ní afẹ́fẹ́ náà le ju báyìí lọ díẹ̀." Ìyẹn ni pé kí n lọ tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà kò burú o. Ṣùgbọ́n àìmọye ìgbà ló ti wù mí kí afẹ́fẹ́ tó ń pè yẹn wá gbé e lọ.

Oòrùn padà dé lóòótọ́. Ó yọ díẹ̀, ó pẹ́ sí i, ó tún pẹ́ sí i, bí àlejò tí a ní kó jókòó tó wá bọ́ bàtà. Nígbà tó yá kò lọ mọ́. Ọdún yẹn gan-an ni ààwẹ̀ bọ́ sí àsìkò tí kò wọ̀ rárá.

Ẹ wo ọ̀ràn. Koríko ọ̀gá mi ń jẹun torí pé oòrùn wà, èmi ò gbọdọ̀ jẹun torí pé oòrùn wà. Oòrùn kan náà tó ń bọ́ wọn ló fẹ́ febi pa mí.

Kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, mo ti kọ̀wé sílé pé kí bàbá mi bá mi bi Àáfà wa léèrè ohun tí màá ṣe. Àáfà yìí, ará Ìbàfo, ló kọ́ mi ní kéú, pàṣán rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn mi. Ìdáhùn tó fi ránṣẹ́ kò gùn. Ó ní, "Oòrùn tí Ọlọ́run dá, ó ń yọ, ó sì ń wọ̀. Ẹni tó bá ní kì í wọ̀, ebi ló ń pa á."

Inú bí mi débi pé mo rẹ́rìn-ín. Èmi tó jẹ́ pé oòrùn ni mò ń ṣírò jẹun! Mo mọ̀ pé ẹ̀sìn gba arìnrìn-àjò láàyè kó jẹun, kó sì san ààwẹ̀ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n arìnrìn-àjò wo ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé, tó tún ń bá ìyá onílé jà lórí èédú? Ta ló sì máa ṣàlàyé ìyẹn fún àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi? Ohun tí wọ́n máa gbọ́ kò ju pé ọmọ télọ̀ ń jẹun. Wọn á wo bàbá mi lójú, wọn ò ní sọ nǹkan kan, ìyẹn ló sì máa dùn ún jù.

Inú ọkọ̀ ni ààwẹ̀ ti bá mi. Ọkọ̀ onígi kékeré kan ni, tó ń gbé wa lọ sétí yìnyín láti wò ó bóyá ìṣirò wa jẹ́ òótọ́. Alásè ọkọ̀ náà jẹ́ àgbàlagbà kan tí orí rẹ̀ pá. Orúkọ rẹ̀ ni Ole. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Èmi kò lè jí láàárọ̀ kùtù kí n máa pe àgbàlagbà ní olè, nítorí náà Bàbá Alásè ni mò ń pè é, ó sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo pinnu pé màá dúró de oòrùn. Bóyá Àáfà mọ ohun tí mi ò mọ̀. Mo dúró létí ọkọ̀, mò ń wò ó. Ó sọ̀kalẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó kù díẹ̀ kó kan omi, ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ó rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi báyìí, ó yíra padà, ó tún ń gòkè. Mo pòṣé. Bàbá Alásè tó jókòó tó ń họ ọ̀dùnkún ní kí ló dé. Mo ní kò sí.

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ mi ni okùn àwo wà. Àwo funfun kan ni, tí a ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun. Ibi tí a kò bá ti rí i mọ́ ni a fi ń mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń jìn tó nínú omi. Mo rántí pé mò ń wo àwo náà tó ń lọ, ó funfun, ó ń kéré sí i, àfi bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀kọ fún èèyàn. Ohun tí mo tún rántí ni ojú ọ̀run, àti ohùn ọ̀gá mi tó ń ké, "Àwo mi! Àwo mi!" Kò ké orúkọ mi.

Olórí ọkọ̀ kò bá mi ṣeré. Ó ní afẹ́fẹ́ ń le bọ̀, a ó padà sí èbúté, a ó mú àwo mìíràn, a ó sì dúró títí afẹ́fẹ́ á fi rọlẹ̀. Ó ní tí a bá tún ń lọ, ẹni tí kò bá jẹun kò ní bá òun lọ, torí òun kò gbé pósí dání.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ kí n bi bàbá mi."

Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé? Bàbá mi ló ṣe onídùúró. Bí ẹnikẹ́ni bá máa tú ọ̀rọ̀ náà, òun ni.

Mo tẹ wáyà sílé pé kí bàbá mi wá sí pósófíìsì ńlá l'Ékòó, màá pè é lórí tẹlifóònù. Kí ọjọ́ ìpè tó pé, ìgbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀ jù lọ ni mò ń sáré jẹ díẹ̀, láìmọ̀ bóyá ó tọ́. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, n kò tíì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó mú Àáfà dání. Èmi náà dúró ní ilé tẹlifóònù ní èbúté, mo to gbogbo ọ̀rọ̀ mi sẹ́nu, torí wọ́n ti sọ fún mi pé wọn kì í jẹ́ kó pẹ́. Obìnrin tó ń so wáyà pọ̀ pariwo sí London, London pariwo sí Èkó, ariwo bí òjò orí páànù ń lọ nínú rẹ̀. Ó gbé e fún mi.

"Hẹ̀lóò? Ìwọ nìyẹn?"

Bàbá mi ni. Ohùn rẹ̀ gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lẹ́jọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dọ̀bálẹ̀. Gbalaja! Àyà mi wà nílẹ̀ láàárín ilé tẹlifóònù, tẹlifóònù ń fì lókè lẹ́nu okùn rẹ̀, bàbá mi ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, èmi sì ń kí i láti ilẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ rò pé mo dákú. Ẹnì kan di apá mi mú, ẹnì kan ń tú kọ́là mi, obìnrin yẹn ń pariwo pé kí wọ́n bu omi wá. Mò ń ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, bàbá mi ni!" Kí n tó já gbà lọ́wọ́ wọn, kí n tó gbá tẹlifóònù mú, ìparí ọ̀rọ̀ ni mo bá.

"... Ó yé ẹ? Ṣé o gbọ́?"

Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ń dáhùn? Mo ní, "Mo gbọ́, bàbá mi."

Mo fẹ́ fi kún un pé kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ. Ṣùgbọ́n Àáfà ti gbà á.

"As-salaamu alaikum. O kú òkè òkun o. O kú òtútù. O kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ kú àárò, sà. Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni bàbá mi sọ—"

"Ara ńkọ́? Àwọn tó o ń bá gbé ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Ohun tí bàbá mi sọ nípa ààwẹ̀—"

"Oòrùn ti ń wọ̀ níbí báyìí. Má sọ fún mi pé ó ṣì wà lókè lọ́hùn-ún."

"Ó wà ńbẹ̀, sà! Ó ń ta mí lójú báyìí!"

Ó ní, "Subuhaanallaahi. Jẹ́ ká ṣàdúrà." Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mò ń ṣe àmín, mò ń gbìyànjú láti gba ààyè sọ̀rọ̀ láàárín àmín kan àti èkejì, kò sì sí ààyè. Ibi tó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú mi padà wálé layọ̀ ni wáyà ti já.

Mo jókòó síbẹ̀. Obìnrin náà gbé omi wá, mo ní n kò mu. Mo fẹ́ bú ẹnìkan, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bú. Ọ̀nà jíjìn tó báyìí, owó tó báyìí, ìkíni la fi ná gbogbo rẹ̀! Bàbá mi ti dá mi lóhùn, ìdáhùn náà sì ti bọ́ sílẹ̀ lójú mi, lórí ilẹ̀ onígi tí mo fi àyà lé. Mo gbójú sókè láti wo bí ọjọ́ ṣe lọ sí.

Aago ńlá kan wà lára ògiri, ó fẹ́ lu méje ìrọ̀lẹ́. Mo wò ó. Aago Nọ́wè àti aago tiwa kan náà ni, mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n kò tíì wúlò fún mi rí. Àáfà ní oòrùn ti ń wọ̀. Ìyẹn ni pé ní Ìfọ̀, wọ́n ti ń bu omi. Ìyá mi, tó máa ń hun ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ti ká iṣẹ́ kúrò nílẹ̀. Mo ní ó dáa, èmi ò ní oòrùn tèmi, tiwọn ni màá lò. Mo pe obìnrin yẹn padà, mo gba omi náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo mu ún tán.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é títí oṣù náà fi parí. Mo sọ fún olórí ọkọ̀ pé màá máa jẹun, àmọ́ pẹ̀lú àwọn ará ilé mi. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú, ó ní tí mo bá ti ń jẹ, kò kàn án. Bàbá Alásè kò béèrè nǹkan kan. Bí aago bá ti ń sún mọ́ méje, á gbé abọ́ ọbẹ̀ ẹja àti ife omi síwájú mi, á jókòó síbẹ̀, á máa wo aago bá mi. Kí ilẹ̀ Ìfọ̀ tó mọ́, á tún jí mi fún sààrì pẹ̀lú oòrùn lójú wa méjèèjì.

Afẹ́fẹ́ kò tètè rọlẹ̀. Ọ̀gá mi ń rìn síwá sẹ́yìn lórí ọkọ̀, ó ń bínú sí oòrùn pé ó ń ràn lásán. Nígbà tó rọlẹ̀ tán, a padà sétí yìnyín, omi yìnyín tẹ́ sórí òkun pẹrẹsẹ, a sì dúró. Lọ́jọ́ kan mo sọ àwo tuntun kalẹ̀, mò ń retí kó lọ jìnnà bó ṣe máa ń lọ. Kò tíì lọ ju ibi tí ọ̀pá kan lè kàn lọ tó ti pòórá. Omi ti di aláwọ̀ ewéko, ó ṣú, ó ki. Ó rí bí a ṣe ṣírò rẹ̀ gan-an. Ọ̀gá mi gbá mi mọ́ra, irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún yìnyín, ó sì pe orúkọ mi, ó ṣì í pè bó ṣe máa ń ṣì í. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ sọ fún kò sí níbẹ̀.

Wọ́n máa ń bi àwa tí a lọ pé níbo gan-an ni ilé wa. Ìbéèrè tó máa ń sú mi nìyẹn. Mo gbé Nọ́wè pẹ́ títí mo fi mọ orúkọ oríṣiríṣi yìnyín, n kò sì tíì fi ọjọ́ kan jókòó níbẹ̀ kí ara mi rọ̀. Ṣùgbọ́n lóṣù ààwẹ̀ yẹn, bí aago bá ti lu méje, mo mọ ibi tí mo wà.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo padà sí Ìfọ̀. Ó kù ọ̀la kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀ náà ni mò ń wá bí màá ṣe jẹ́wọ́ fún bàbá mi pé n kò gbọ́ ohun tó sọ lórí tẹlifóònù, pé orí ara mi ni mo lò, àti pé bí mo bá ṣe é tì, kó má bínú. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, a ti jókòó, omi ti wà níwájú wa. Bàbá mi dìde, ó mú ife tirẹ̀, ó jáde lọ sétí ojú irin. Ó kọjú sí apá àríwá. Mo gbọ́ tó fi gbogbo ohùn rẹ̀ pe orúkọ mi.

"Ó tó o! Mu omi!"

Mo yíjú sí ìyá mi. Ẹní ló ń tẹ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Ṣé ìyẹn jẹ́ tuntun sí ẹ ni? Ṣebí ó sọ fún ẹ lórí tẹlifóònù, pé Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí oòrùn wọ̀ níbẹ̀ mọ̀ pé o wà níbẹ̀, kí o máa bá wa ṣínu, pé tó bá tó àkókò òun á máa pè ẹ́. Lọ́dọọdún báyìí ni, kì í fa ọjọ́ kan yọ. Àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin rò pé ọmọ rẹ̀ ló sọnù."

Mo dìde. Mo rìn lọ bá a níbẹ̀. Ó dúró, ife wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì mu.

"Bàbá mi, èmi nìyí. Mo ti dé."

Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò.

"Mo mọ̀. Kí lo wá ń dúró dè? Mu omi ẹ kí n rí temi mu."